Kínìyẹn Ń Fi Afẹ́fẹ́ Pamọ́

Kínìyẹn jí.

Ó jí kí oòrùn tó dé ojú fèrèsé.

Kínìyẹn kọ́ ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ṣùgbọ́n òun ni gbogbo ilé ń pè é. Láàárọ̀, á ní, "Kí nìyẹn?" Lọ́sàn-án, á ní, "Kí nìyẹn?" Bó bá sùn, á tún máa bi àlá rẹ̀ pé, "Kí nìyẹn?"

Lónìí, kò sí ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wà fún Màmá.

Iṣẹ́ Màmá kò jọ iṣẹ́ ìyá ẹlòmíràn. Màmá ń wo ayé tó wà lọ́nà jíjìn.

Kì í ṣe ayé tiwa yìí o. Ayé mìíràn ni. Pílánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè é.

Ṣé ẹ rí àwọn ìràwọ̀ tó máa ń tàn lálẹ́? Oòrùn ibòmíràn ni wọ́n. Wọ́n kàn jìnnà ni. Wọ́n jìnnà, wọ́n jìnnà, wọ́n jìnnà.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní pílánẹ́ẹ̀tì tiwọn. Pílánẹ́ẹ̀tì náà á máa yí oòrùn rẹ̀ po. Á yí i po, á yí i po. Kì í sinmi.

Ojú lásán kò lè rí i. Awò ńlá kan tó ń rí ọ̀nà jíjìn ló ń bá wa wò ó.

Awò náà kò sí nínú ilé. Kò sí lórí òkè. Ó wà lókè lọ́hùn-ún, níbi tí ìkùukùu kò dé. Ó ń wò, ó ń wò. Kì í ṣẹ́jú.

Ohun tó bá rí, á fi ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà níbi iṣẹ́ Màmá.

Láàárọ̀ yìí, Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Fóònù wà létí rẹ̀. Ẹsẹ̀ kan wà nínú bàtà. Ẹsẹ̀ kejì ń wá bàtà kiri.

Ó ń bá Bọ̀dá Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀. Òun àti Màmá ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́.

"Ó yé mi," ni Màmá wí. "Afẹ́fẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì yẹn ń lọ. Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀. Tó bá yá, kò ní í ku nǹkan kan lára rẹ̀."

Màmá gbé fóònù kúrò létí. Kínìyẹn gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀. Kán!

"Màmá, kí nìyẹn? Afẹ́fẹ́ ta ló ń lọ?"

"Ti pílánẹ́ẹ̀tì kan tó jìnnà ni. Afẹ́fẹ́ wé mọ́ ọn lára bí aṣọ. Aṣọ náà ló ń bọ́."

"Ta ló ń bọ́ ọ?"

"Oòrùn rẹ̀ ni."

Kínìyẹn ronú.

"Ṣé àwa náà ní afẹ́fẹ́?"

"A ní in. Òun lò ń mí sínú yẹn."

"Ṣé àwa náà ní oòrùn?"

"A ní in."

Kínìyẹn tún ronú. Ojú rẹ̀ fẹ̀.

"Màmá, ṣé tiwa náà ń—"

Kríín! Kríín! Fóònù tún ké.

"Dúró ná, ọmọ mi," ni Màmá wí. Ó wọ yàrá. Ó ti ilẹ̀kùn.

Kínìyẹn dúró.

Ó dúró, ó dúró. Màmá kò jáde.

Ìbéèrè tí kò tíì ní ìdáhùn dà bí òkúta inú bàtà. Kò tóbi. Ṣùgbọ́n kò ní í jẹ́ kí ẹni tó wọ bàtà rìn dáadáa.

Kínìyẹn lọ sójú fèrèsé. Oòrùn ti yọ. Ó ń wo ilé wọn tààrà.

"Ìwọ rèé," ni Kínìyẹn wí fún un. "O ti ń wò wá."

Ó mí sínú. Fììì.

Ó mí síta. Hààà.

Níbo ni èyí tó mí síta yẹn lọ? Kò rí i. Ó wo òkè. Kò rí i. Ó wo abẹ́ àga. Kò rí i.

"Ó ti ń lọ," ni Kínìyẹn wí. "Mo gbọ́dọ̀ fi ìyókù pamọ́."

Ó lọ sí ilé ìdáná.

Níbẹ̀ ni Màmá Àgbà ń kó ọ̀rá sí. Ọ̀rá tí wọ́n bá fi ra nǹkan wálé, Màmá Àgbà kì í jù ú nù. Á fọ̀ ọ́. Á sá a. Á ká a. Ó máa ń sọ pé, "Ẹni tó bá ju ohun tó dáa nù lónìí, á wá a tì lọ́la."

Kínìyẹn kó ọ̀rá. Ó kó gbogbo rẹ̀.

Ó la ẹnu ọ̀kan. Ó sáré yí yàrá ká. Fùùù! Ọ̀rá wú. Ó so ó. Kì!

"Ti Màmá nìyí."

Ó sáré. Fùùù! Ó so ó. Kì!

"Ti Màmá Àgbà nìyí."

Ó mú ọ̀rá kékeré kan. Fùù! Kì!

"Ti Àbúrò nìyí. Imú tirẹ̀ kò tóbi."

Ó ronú díẹ̀. Ó tún mú òmíràn. Fùùù! Kì!

"Ti Bọ̀dá Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nìyí." Kínìyẹn kò tíì rí Bọ̀dá Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ rí. Ṣùgbọ́n òun náà á ní imú.

Ọ̀rá wà lórí àga. Ọ̀rá wà lórí tábìlì. Ọ̀rá wà lábẹ́ tábìlì.

Ó ku fèrèsé.

Ó ti fèrèsé pálọ̀. Gbàm!

Ó ti ti ilé ìdáná. Gbàm!

Ó ti ti ọ̀ọ̀dẹ̀. Gbàm!

Ó mú aṣọ ìnura. Ó fi dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Wẹ́kú!

Àbúrò wà lórí ẹní. Àbúrò kò tíì lè jókòó. Ó ń fi ẹsẹ̀ ta afẹ́fẹ́.

Kínìyẹn bẹ̀rẹ̀ sí etí rẹ̀.

"Àbúrò, má mí púpọ̀ o. Mí díẹ̀díẹ̀, kó lè kárí."

Àbúrò wò ó. Àbúrò la ẹnu. Ó yán. Hààààààà!

"Àbúrò!" ni Kínìyẹn wí. "Ìyẹn ti pọ̀ jù! Tìẹ nìkan kọ́!"

Ilé bẹ̀rẹ̀ sí í móoru.

Ó móoru. Ó tún móoru sí i. Òógùn yọ níwájú orí Kínìyẹn. Òógùn yọ lọ́rùn Àbúrò.

Gbì! Gbì! Gbì!

Màmá Àgbà ni. Ó ti lọ sá aṣọ níta. Ó fẹ́ wọlé. Aṣọ ìnura há sábẹ́ ilẹ̀kùn.

"Ta ló wà níbẹ̀ yẹn? Ẹ ṣílẹ̀kùn!"

Gbì! Màmá Àgbà fi èjìká tì í. Ilẹ̀kùn ṣí.

"Háà! Ta ló ti gbogbo fèrèsé pa? Ṣé ẹ fẹ́ sè wá jẹ ni?"

Nígbà náà ló rí tábìlì. Ó rí orí àga. Ó rí abẹ́ tábìlì.

"Ọ̀rá mi! Gbogbo ọ̀rá mi! Kí lo kó sínú wọn?"

"Afẹ́fẹ́ ni, mà."

"Afẹ́fẹ́ kí ni?"

"Afẹ́fẹ́ wa, mà."

Màmá Àgbà fi ìka kan ọ̀kan. Ọ̀rá náà fò sókè díẹ̀, ó balẹ̀.

"Mo ti dàgbà o," ni Màmá Àgbà wí. "Mo ti rí ẹni tó fi epo pamọ́. Mo ti rí ẹni tó fi iyọ̀ pamọ́. N kò tíì rí ẹni tó fi afẹ́fẹ́ pamọ́ rí."

Ó na ọwọ́ sí fèrèsé.

"Ẹ má ṣí i!" Kínìyẹn figbe ta. "Ẹ má ṣí i, Màmá Àgbà! Á lọ! Gbogbo rẹ̀ á lọ! Àbúrò kò ní í rí nǹkan mí sínú!"

Ó bú sẹ́kún.

Àbúrò gbọ́ ẹkún. Òun náà bú sẹ́kún. Wáà! Wáà!

Màmá sáré jáde láti inú yàrá.

Ó wo ọ̀rá. Ó wo fèrèsé. Ó wo Kínìyẹn.

Ẹ̀rín fẹ́ pa Màmá Àgbà. Ó fi etí gèlè bo ẹnu. Ṣùgbọ́n Màmá kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó lóṣòó síwájú Kínìyẹn.

"Kí lo fẹ́ bi mí láàárọ̀?"

"Mo fẹ́ bi yín pé, ṣé... ṣé tiwa náà ń lọ?"

"Ìbéèrè gidi nìyẹn," ni Màmá wí. "Mo lè dá ọ lóhùn báyìí. Ṣùgbọ́n bí mo bá dá ọ lóhùn, ṣé ọkàn rẹ á balẹ̀?"

Kínìyẹn nu ojú. Ó ronú. Ó mi orí pé rárá.

"Mo fẹ́ rí i ni."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Wọ bàtà rẹ. A ń lọ síbi iṣẹ́."

Kínìyẹn wọ bàtà. Ó dé ẹnu ọ̀nà. Ó yíjú padà.

"Màmá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú ọ̀rá mi o."

"Ọ̀rá ta?"

"Ọ̀rá yín, mà. Ẹ má tú afẹ́fẹ́ mi."

"N kò ní í tú u. Ṣùgbọ́n mo máa ṣí fèrèsé. Wo bí àbúrò rẹ ṣe ń làágùn bí ẹni tó ro oko."

Kínìyẹn wo Àbúrò. Ó wo fèrèsé. Ọ̀rọ̀ náà le.

"Ẹ ṣí ọ̀kan péré, mà."

"Ọ̀kan péré," ni Màmá Àgbà wí. "Mo gbọ́, ọ̀gá mi."

Yàrá iṣẹ́ Màmá kò tóbi.

Fáànù kan wà lókè. Fẹ̀-fẹ̀-fẹ̀. Àga kan wà tó ń ké bí ẹnikẹ́ni bá jókòó lé e. Kíì! Kọ̀ǹpútà ńlá kan wà lórí tábìlì.

Kínìyẹn wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó wo abẹ́ tábìlì.

"Awò náà dà?"

"Ó wà lókè lọ́hùn-ún," ni ohùn kan wí. "Kò lè wá. Ó rán iṣẹ́ wá ni."

Bọ̀dá Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nìyẹn. Ó ga, ó tín-ín-rín. Ó ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ń mu omi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bó bá sín, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ náà ni. Tíṣì.

"Ẹ káàsán, sà," ni Kínìyẹn wí. Ó kúnlẹ̀.

"Káàsán, ọmọ dáadáa."

"Mo fi afẹ́fẹ́ pamọ́ fún yín, sà. Ọ̀rá kan."

Bọ̀dá Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wo Màmá. Màmá mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"O ṣeun púpọ̀," ni Bọ̀dá Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wí. "Kò sí ẹni tó ṣe irú rẹ̀ fún mi rí."

Kínìyẹn wo kọ̀ǹpútà. Paálí kan bo ojú rẹ̀. Paálí lásán ni, irú èyí tí wọ́n ń kó bàtà sí.

"Kí nìyẹn?"

"Paálí ni."

"Kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

"Ó ń bo ìdáhùn," ni Bọ̀dá Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wí. "Ọkàn èèyàn máa ń kánjú. Ohun tó wù ú ló máa ń yára rí. Nítorí náà, díẹ̀díẹ̀ là ń wò ó níbí. A ó sún paálí díẹ̀, a ó wò. A ó sún un díẹ̀, a ó wò. Títí paálí á fi dé òpin, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ pé ó parí. Òfin yàrá yìí nìyẹn."

"Òfin ta ni?"

"Òfin tèmi àti ìyá rẹ."

Màmá gbé Kínìyẹn jókòó. Àga ké. Kíì!

"Lánàá," ni Màmá wí, "pílánẹ́ẹ̀tì náà gba iwájú oòrùn rẹ̀ kọjá. Awò wa wò ó. Ṣé o ti rí kòkòrò tó fò kọjá níwájú gílóòbù rí?"

"Mo ti rí i."

"Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀?"

"Ó ń dín kù díẹ̀."

"Bí pílánẹ́ẹ̀tì náà ṣe ń ṣe nìyẹn. A ó rí ìlà kan. Bí ìmọ́lẹ̀ bá pé, ìlà á wà lókè. Bí nǹkan bá dí i, ìlà á sọ̀ kalẹ̀."

Bọ̀dá Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fọwọ́ mú paálí. Ó sún un. Ṣíì.

Ìlà wà lókè.

Ṣíì. Ìlà wà lókè.

Ṣíì. Ìlà sọ̀ kalẹ̀!

"Ó ti dé iwájú oòrùn rẹ̀," ni Kínìyẹn sọ lábẹ́lẹ̀.

Ṣíì. Ìlà wà nísàlẹ̀.

Ṣíì. Ìlà wà nísàlẹ̀.

Ṣíì. Ìlà gbéra! Ó ń gòkè bọ̀!

"Ó ti kọjá!" Kínìyẹn fò dìde. Kíì! "Ó ti kọjá! Ó parí!"

Fáànù nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Fẹ̀-fẹ̀-fẹ̀.

Bọ̀dá Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kò gbé ọwọ́ kúrò lára paálí. Màmá ń wo paálí. Kínìyẹn náà wo paálí.

Paálí kò tíì dé òpin.

Kínìyẹn fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ló wí láti inú ọwọ́. "Mo kánjú."

"Gbogbo wa la ti kánjú rí," ni Bọ̀dá Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wí. "Ohun tó gbé paálí débí nìyẹn. Jókòó."

Kínìyẹn jókòó. Kíì.

"Wò ó dáadáa," ni Màmá wí. "Níbo ni ìlà wà nígbà tí a bẹ̀rẹ̀?"

"Lókè."

"Ṣé ó ti padà débẹ̀?"

Kínìyẹn wò ó. Ó sún mọ́ ọn. Ó fi ìka wọ̀n ọ́n.

"Kò tíì débẹ̀. Ó kù díẹ̀."

Ṣíì. Ó ṣì kù díẹ̀.

Ṣíì. Ó ṣì kù díẹ̀.

"Pílánẹ́ẹ̀tì ti kọjá," ni Màmá wí. "Kí ló wá tún ń dí ìmọ́lẹ̀?"

Kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún un. Wọ́n fi í sílẹ̀ kó ronú.

Kínìyẹn ronú. Ó rántí Màmá Àgbà. Bí Màmá Àgbà bá gba ẹnu ọ̀nà wọlé, Màmá Àgbà á kọ́kọ́ wọlé tán. Lẹ́yìn náà ni etí ìborùn rẹ̀ á wá wọ́ tẹ̀ lé e.

"Nǹkan kan ń tẹ̀ lé e," ni Kínìyẹn wí.

"Kí ló ń tẹ̀ lé e?"

"Aṣọ rẹ̀ ni." Ohùn Kínìyẹn rẹlẹ̀. "Afẹ́fẹ́ rẹ̀ ni. Ó ń wọ́ tẹ̀ lé e lẹ́yìn."

"Òun ni," ni Màmá wí.

Ṣíì. Ṣíì. Ṣíì.

Ìlà gòkè, gòkè, gòkè. Ó padà sí àyè rẹ̀. Paálí kúrò lójú kọ̀ǹpútà pátápátá.

Bọ̀dá Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gbé e sílẹ̀.

"Ó parí," ló wí.

Wọn kò pàtẹ́wọ́. Wọn kò fò sókè. Wọ́n kàn jókòó.

"Àánú rẹ̀ ń ṣe mí," ni Kínìyẹn wí.

"Ó ń ṣe èmi náà," ni Bọ̀dá Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wí.

"Ṣé kò sí ẹni tó lè bá a fi ọ̀rá gbà á?"

"Kò sí. Ibẹ̀ jìnnà jù."

"Kí ló dé tí kò di aṣọ rẹ̀ mú?"

"Ó sún mọ́ oòrùn rẹ̀ jù," ni Màmá wí. "Ó gbóná jù. Ohun tó bá gbóná kọjá ààlà kì í jókòó jẹ́ẹ́."

"Tiwa ńkọ́?"

"Tiwa jìnnà sí oòrùn tirẹ̀ dáadáa. Ó sì di afẹ́fẹ́ rẹ̀ mú."

Kínìyẹn wo ojú Màmá. Màmá kì í parọ́. Ṣùgbọ́n kí èèyàn gbọ́ yàtọ̀ sí kó rí.

"N kò tíì rí èyí tó jìnnà," ni Kínìyẹn wí.

Màmá kò bínú.

"Òótọ́ ni. O kò tíì rí i. Máa wò kiri. Bí o bá rí i, wá pè mí."

Wọ́n padà sílé.

Fèrèsé kan péré ló ṣí sílẹ̀. Màmá Àgbà kò yẹ àdéhùn. Àwọn ọ̀rá wà níbi tí wọ́n wà.

Oòrùn ọ̀sán ti fẹ́ di ti ìrọ̀lẹ́. Ó gba ojú fèrèsé wọlé. Ó tàn sára ògiri, ó mọ́ rekete.

Màmá Àgbà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Ife méjì wà níwájú rẹ̀.

Omi gbígbóná wà nínú ọ̀kan. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e kúrò lórí iná.

Omi àárọ̀ wà nínú èkejì. Kò mu ún tán. Màmá Àgbà kì í da omi tó mọ́ nù.

Kínìyẹn ń kọjá lọ.

Ó dúró.

Òjìji ife méjì wà lára ògiri. Ọ̀kan dúró jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń jáde lẹ́nu èyí tó kù. Ó ń jó. Ó ń ká. Ó ń gòkè lọ. Wíríwírí, wíríwírí.

Kínìyẹn wo ife lórí tábìlì. Agbára káká ló fi rí nǹkan kan lẹ́nu rẹ̀.

Ó wo ògiri. Ó rí i kedere. Wíríwírí, wíríwírí.

"Kí nìyẹn?"

"Omi gbígbóná mi ni," ni Màmá Àgbà wí. "Má fọwọ́ kàn án."

"Èyí tó wà lára ògiri, mà."

"Oru rẹ̀ ni. Òjìji oru." Màmá Àgbà gbé ife. Ó gbé e dé ẹnu.

"Ẹ má mu ún!"

Ọwọ́ Màmá Àgbà dúró lófuurufú.

"Omi tèmi? Ṣé o ti tún fẹ́ fi ìyẹn pamọ́ ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e padà!"

Màmá Àgbà gbé e padà. Ó káwọ́ sí àyà, ó ń wòran.

Kínìyẹn sáré wọ yàrá. Ó sáré jáde. Paálí bàtà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó fi paálí bo òjìji méjèèjì.

"Kí ló tún kù báyìí?" ni Màmá Àgbà wí.

"Ẹ má tíì sọ nǹkan kan, mà. Òfin ni."

"Òfin ta?"

"Òfin Màmá àti Bọ̀dá Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́."

"Ìyá Kínìyẹn!" Màmá Àgbà ké sí Màmá. "Ó ti di pé wọ́n ń fi òfin dè mí nínú ilé mi!"

Màmá jáde. Ó gbé Àbúrò sí èjìká. Ó rí paálí. Ó fi ìka lé ètè.

Kínìyẹn sún paálí. Ṣíì.

Òjìji ife àkọ́kọ́ yọ. Wíríwírí, wíríwírí.

Ẹnu ń yún Kínìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀. Paálí kò tíì dé òpin.

Ṣíì.

Òjìji ife kejì yọ. Ìdí rẹ̀ yọ. Ikùn rẹ̀ yọ.

Ṣíì.

Ẹnu rẹ̀ yọ.

Kò sí nǹkan kan tó ń jáde níbẹ̀. Kò sí oru. Kò sí wíríwírí. Ife náà dúró jẹ́ẹ́.

Kínìyẹn sún paálí dé òpin. Ó gbé e sílẹ̀. Ó wo ògiri lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ó lè dá a lójú.

"Ó parí," ló wí.

"Kí lo rí?" ni Màmá bi í.

"Èyí ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná. Ó gbóná. Ó ń bọ́ aṣọ rẹ̀." Kínìyẹn fi ìka kan ife kejì. Ó tutù. "Èyí ti jìnnà sí iná láti àárọ̀. Ó di aṣọ rẹ̀ mú. Omi rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀."

"Èwo ni àwa nínú méjèèjì?"

Kínìyẹn kò kánjú. Ó wo oòrùn lójú ọ̀run. Ó jìnnà. Ó wo ife.

"Àwa ni èyí tó jìnnà."

"Àwa ni," ni Màmá wí.

"Ṣé tiwa kì í wá lọ rárá?"

Ì bá rọrùn kí Màmá sọ pé rárá. Ṣùgbọ́n Màmá kì í tan ọmọdé.

"Díẹ̀ ń lọ. Ṣé o mọ odò ńlá? Bí ẹyẹ kékeré kan bá bu omi mu níbẹ̀, ṣé odò á mọ̀?"

Kínìyẹn ro ti odò. Ó ro ti ẹyẹ. Ó ro ti ẹnu ẹyẹ.

"Ẹyẹ kan péré?"

"Ẹyẹ kan péré."

"Odò kò ní í mọ̀," ni Kínìyẹn wí.

Òkúta ti kúrò nínú bàtà.

"Ṣé mo lè mu omi mi báyìí?" ni Màmá Àgbà wí. "Tàbí òfin mìíràn tún wà?"

"Ẹ lè mu ún, mà."

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá mi. Ó ti tutù." Ó mu ún tán. Kò fi nǹkan kan ṣòfò.

Kínìyẹn ṣí fèrèsé ilé ìdáná. Gbà!

Ó ṣí ti ọ̀ọ̀dẹ̀. Gbà!

Atẹ́gùn wọlé. Kọ́tìnnì gbéra ńlẹ̀.

Ó tú ọ̀rá ti Màmá. Fùùùù!

Ó tú ti Màmá Àgbà. Fùùùù!

Ó tú ti Àbúrò. Fùù!

Ó ká wọn kí wọ́n dọ́gba, bí Màmá Àgbà ṣe máa ń ká wọn. Ó kó wọn padà sí àyè wọn.

Ọ̀kan péré ni kò tú. Ti Bọ̀dá Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni. Ó ti ṣèlérí fún un.

"Ọ̀rá mi yẹn á padà wá o," ni Màmá Àgbà wí.

"Á padà wá, Màámi," ni Màmá wí.

Màmá tẹ́ Àbúrò sórí ẹní. Kínìyẹn dùbúlẹ̀ tì í. Ó sún mọ́ etí rẹ̀.

"Àbúrò, mí sínú. Mí dáadáa. Ó kárí."

Àbúrò wò ó. Àbúrò la ẹnu. Ó yán. Hàààààààà!

Kínìyẹn kò bá a jà.

Ó la ẹnu tirẹ̀ náà, ó fẹ̀ ju ti Àbúrò lọ.

Hàààààààààà!